Má Fo Ẹyọ Kankan Nínú Àkámọ́

Ọmọ mi, bí o bá rí (x + 3)(x + 5) nínú ìdánwò, má tíì kọ nǹkan kan. Kọ́kọ́ ka ẹyọ tó wà nínú àkámọ́ kọ̀ọ̀kan. Méjì wà níhìn-ín, méjì wà lọ́hùn-ún, nítorí náà ìsọdipúpọ̀ mẹ́rin ló ń dúró dè ọ́: gbogbo ẹyọ ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kan gbogbo ẹyọ ti èkejì. x lọ́nà x jẹ́ x², x lọ́nà 5 jẹ́ 5x, 3 lọ́nà x jẹ́ 3x, 3 lọ́nà 5 jẹ́ 15. Irú kan náà ni 5x àti 3x, rò wọ́n pọ̀. Ìdáhùn rẹ ni x² + 8x + 15.

Èyí tó máa ń dùn mí ni (x + 3)². Àwọn ọmọ tó mọ̀wé dáadáa ń kọ x² + 9, wọ́n á sì kọjá lọ. 6x ti sọnù nìyẹn! Kọ (x + 3)(x + 3) sílẹ̀ kí ojú rẹ lè rí i.

Àmì ìyọkúrò ló ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ yín jù, bẹ́ẹ̀ ohun ilé wa ni. Àwọn baba wa ń ka 17 sí 20 tó dín 3, wọ́n ń ka 16 sí 20 tó dín 4. Nítorí náà, 17 lọ́nà 16 ni (20 − 3)(20 − 4). Fojú inú wo oko tó ní ìlà 20, tí ebè 20 wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan: irinwó ebè. Yọ ìlà 3, ebè 60 lọ. Yọ ebè 4 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú gbogbo 20 náà, 80 lọ. Ṣùgbọ́n ebè 12 tó wà ní igun oko, ẹ̀ẹ̀mejì lo yọ wọ́n. O gbọ́dọ̀ dá wọn padà lẹ́ẹ̀kan: 400 − 60 − 80 + 12, ó jẹ́ 272. Ìdí nìyẹn tí −3 lọ́nà −4 fi jẹ́ +12. Irú àpẹẹrẹ yìí náà ni al-Khwarizmi ará Baghdad lò nínú ìwé áljébrà rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹsàn-án: (10 − 1)(10 − 1), 81.

Bí ẹyọ bá pọ̀ sí i, ọ̀nà kò yí padà. (x² − 2x + 4)(x + 2): mẹ́ta lọ́nà méjì, ẹyọ mẹ́fà gbọ́dọ̀ jáde. Kọ wọ́n ní òpó, kí irú kan wà lábẹ́ irú rẹ̀: x³ + 2x² − 2x² − 4x + 4x + 8. Àwọn tó wà láàárín pa ara wọn rẹ́, ó ku x³ + 8.

Má fi ìwé sílẹ̀ láì yẹ ìdáhùn wò. Fi 1 sípò x: 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, 1 + 8 náà jẹ́ 9. Ṣùgbọ́n má fi mọ sórí 1 nìkan, torí pé bí o bá kọ x² síbi tó yẹ kí x³ wà, 1 kò ní tú àṣírí rẹ̀. Fi 2 náà sí i: 4 lọ́nà 4, 16, 8 + 8, 16.