Kòkòrò tí kì í jẹ́ kí ọmọ ìrókò dàgbà

Ìrókò ńlá tó ti ga kò fi bẹ́ẹ̀ níṣòro lọ́wọ́ kòkòrò yìí. Ọmọ ìrókò ni wàhálà dé bá. Igi náà, tí wọ́n ń pè ní abang ní Gabon, máa ń hù láti Guinea-Bissau títí dé Mozambique, àjọ IUCN sì ti kà á mọ́ àwọn igi tí ewu ìparun ń súnmọ́ láti 1998. Ní 2010, ìjọba ní Libreville fòfin de kíkó odindi gẹdú jáde kúrò ní Gabon. Irú òfin bẹ́ẹ̀ lè dín igi gígé kù. Kò kan kòkòrò tó ń pa èyí tí a bá gbìn dípò.

Phytolyma ni orúkọ kòkòrò náà. Kò gùn tó ẹyọ ìrẹsì kan. Abo rẹ̀ máa ń yé ẹyin sórí ọ̀mùnú àti ewé tútù. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́jọ, ẹyin á pa, ọmọ rẹ̀ á wọ inú ewé lọ, ara ewé á sì wú bò ó láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Inú kókó tútù yìí ni yóò ti máa mu omi igi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Bó bá dàgbà, kókó á là, á fò jáde. Ibi tó là yẹn ni ohun tí ń mú nǹkan bu ń gbà wọlé, tí ọ̀mùnú á fi jẹrà, tí á sì kú wálẹ̀ dé ibi tó ti le. Igi á tún rú, kòkòrò á tún padà. Báyìí ni ọmọ igi ṣe ń ràn, tí ọ̀pọ̀ fi ń kú.

Bí kókó bá ti yọ, ẹ má fowó ṣòfò lórí oògùn fínfín, torí oògùn tó bà lórí ewé kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nínú ilé. Ní nọ́sìrì, ẹ máa yẹ àwọn ọmọ igi wò lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ gé kókó kí ó tó là, kí ẹ sì sun ún.

Ní oko, ọ̀nà tí ẹ gbà gbìn ín ló ṣe pàtàkì jù. Ìwádìí ní Ghana fi hàn pé ìrókò tí wọ́n gbìn ní ìwọ̀nba láàárín igi mìíràn, lábẹ́ ìbòòji díẹ̀, kì í ní kókó tó èyí tí wọ́n tò sínú oòrùn gbangba. Àmọ́ ìrókò fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀. Bó bá ti ń ga, ẹ máa gé ẹ̀ka tó bò ó kúrò díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tún rí i pé ọmọ àwọn ìyá igi kan ń fara da kòkòrò yìí ju ti òmíràn lọ, nítorí náà ẹ má ṣa èso lábẹ́ igi kan ṣoṣo.

Èyí tí àdán gbìn fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ ńkọ́? Àdán a máa jẹ èso ìrókò, a sì máa tú kóró rẹ̀ ká dé inú oko kòkó. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń ro ó dànù torí etí ewé rẹ̀ rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn nígbà tó wà ní kékeré, kò jọ ti àgbà. Ẹ fi igi kékeré sàmì sí i. Bí orí rẹ̀ bá kú tó sì rú ẹ̀ka púpọ̀, ẹ fi èyí tó tọ́ jù sílẹ̀, kí ẹ gé ìyókù.