Iná Ọlọ́fà ní Ìkóríta: Ta ni Ó Ń Bá Wí?

Ìfáàrà

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni iná tí ń darí ọkọ̀ ní ìkóríta ń sọ. Kò lẹ́nu, kò sì lè tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ fún ẹni tí ó bá ṣì í gbọ́. Awakọ̀ tí ó gbéra ní Òkìtìpupa, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, tí ó gba Ọ̀rẹ̀ kọjá lọ sí Èkó tàbí Bìní, yóò bá irú iná bẹ́ẹ̀ pàdé nígbà tí ó bá wọ ìlú ńlá. Iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. Èyí tí ó ń da orí rẹ̀ rú ni iná tí ó ní ọfà lójú. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ìdí tí iná ọlọ́fà fi ń rú awakọ̀ lójú, àti bí ìmọ̀ èdè àti àṣà wa ṣe lè là á yé e.

Iṣẹ́ tí iná kọ̀ọ̀kan ń jẹ́

Ní oṣù Kejìlá, ọdún 1868, ni wọ́n gbé iná adarí-ọkọ̀ àkọ́kọ́ kalẹ̀ lẹ́bàá Ilé Aṣòfin ní London. Gáàsì ni ó ń lò, ọlọ́pàá ni ó sì ń fi ọwọ́ yí i. Pupa àti àwọ̀ ewé nìkan ni ó ní, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sì ń bá gbogbo ọkọ̀ sọ. Nígbà tí ọkọ̀ pọ̀ sí i, tí a pín ojú títì sí ìlà ìlà, ó di dandan kí iná lè bá apá kan sọ̀rọ̀ láìbá apá kejì sọ ọ́. Iṣẹ́ ọfà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a tò wọ́n báyìí:

(i) Iná pupa roboto: gbogbo ọkọ̀ tí ó kọjú sí i gbọ́dọ̀ dúró.
(ii) Iná aláwọ̀ ewé roboto: ọ̀nà ṣí, bí ìkóríta bá ṣófo. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ yà sí òsì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn tí ń bọ̀ tààrà láti iwájú kọjá ná.
(iii) Ọfà aláwọ̀ ewé: ẹni tí ó ń lọ sí ibi tí ọfà nà sí nìkan ni ó lè lọ, àní bí iná pupa roboto bá ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
(iv) Ọfà pupa: ibi tí ọfà nà sí nìkan ni a dí.

Bí àṣìṣe ṣe ń wáyé

Àṣìṣe mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni ti awakọ̀ tí ó fẹ́ lọ tààrà, tí ó rí ọfà aláwọ̀ ewé tí ó nà sí òsì, tí ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Àwọn tí a ṣí ọ̀nà fún láti apá mìíràn ni yóò pàdé láàárín ìkóríta. Èkejì ni ti ẹni tí ọfà ń pè kí ó máa yà, ṣùgbọ́n tí ó dúró gbagidi nítorí pé ó rí pupa. Fèrè ọkọ̀ yóò máa dún lẹ́yìn rẹ̀, ariwo náà a sì lè lé ẹlòmíràn wọ ibi tí kò yẹ. Ẹ̀kẹta ni ó burú jù: awakọ̀ rí iná aláwọ̀ ewé roboto, ó rò pé ọfà ni, ó sì yà sí òsì níwájú ọkọ̀ tí ń sáré bọ̀.

Àwọ̀ nìkan ni gbogbo wọn wò. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ Òkìtìpupa pàápàá lè kọ́ wa pé àwọ̀ nìkan kò tó. Pupa ti òkìtì yàtọ̀ sí pupa ti epo, ti ẹ̀jẹ̀ sì yàtọ̀ sí méjèèjì. Ohun tí a so àwọ̀ mọ́ ni ó ń là á yé ni.

Ẹ̀kọ́ láti ara àrokò

Irú ọ̀rọ̀ báyìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Bí a bá so owó ẹyọ méjì pọ̀ tí wọ́n kọjú síra, ìfẹ́ àti ìrẹ́pọ̀ ni a fi ń ránṣẹ́. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà àti ìpínyà ni. Owó ẹyọ kan náà ni, iye rẹ̀ kò sì yí padà. Ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí ni ó yí ìtumọ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọfà. Ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ó rí àrokò lójú ọ̀nà kọ́ ni a pa á sí. Awakọ̀ tí ń lọ tààrà lè rí ọfà òsì, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni a ránṣẹ́ sí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn

Bí iná bá yí padà, a máa ń gbọ́ tí ọmọ ọkọ̀ ń kígbe pé, "Wọ́n ti fún wa lọ́nà!" Ta ni "wa" yìí? Ibẹ̀ ni gbogbo ìdàrúdàpọ̀ wà.

Nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní ọdún 1967, Abíọ́dún Adétúgbọ̀ pín àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá sí ìsọ̀rí. Ìsọ̀rí Gúúsù-Ìlà-Oòrùn ni Ìkálẹ̀ wà, pẹ̀lú Ìlàjẹ, Oǹdó àti Ìjẹ̀bú. Nínú púpọ̀ àwọn ẹ̀ka-èdè ìsọ̀rí yìí, arọ́pò-orúkọ kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ "ẹ" àti "wọ́n" ti Yorùbá àjùmọ̀lò. "Àn án wá" lè túmọ̀ sí "ẹ wá" tàbí "wọ́n wá." Síbẹ̀, àwọn tí ń sọ ọ́ ń gbọ́ ara wọn yé. Ẹni tí olùsọ̀rọ̀ kọjú sí àti ibi tí ó na ọwọ́ sí ń fi ẹni tí ó ń bá wí hàn. Ìka tí iná nà ni ọfà. Ẹni tí ó bá ti mọ bí a ṣe ń wo ibi tí a nawọ́ sí kí ó tó dáhùn, ó ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí.

Ọ̀tún àti òsì

Ohun kan tún kù. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, ọdún 1972, ni Nàìjíríà fi apá òsì sílẹ̀, tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní apá ọ̀tún. Ghana ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1974. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òsì ni wọ́n ṣì ń rìn. Nítorí náà, yíyà sí òsì rọrùn lọ́dọ̀ wọn, nítorí pé kò gba iwájú ọkọ̀ tí ń bọ̀ kọjá. Lọ́dọ̀ wa, yíyà sí ọ̀tún ni ó rọrùn, òsì ni ewu wà. Bí a bá fi ìwé wọn kọ́ awakọ̀ wa láìyí i padà, a kọ́ ọ sódì ni.

Àgbálọgbábọ̀

Láti ọdún 1988 tí a ti dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, ìkìlọ̀ kò dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tí a kò gbọ́ yé kò yàtọ̀ sí ariwo. Àbá wa ni pé kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ya àwòrán àwọn iná wọ̀nyí, kí a kọ àlàyé sí i ní èdè wa, kí a sì gbé e lọ sí gáréèjì ní Òkìtìpupa àti Òde-Ìrèlè. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí awakọ̀ máa bi ara rẹ̀: Àwọ̀ wo ni? Ibo ni ó nà sí? Ṣé èmi ni ó ń bá wí? Bí ọlọ́pàá bá sì wà níbẹ̀ tí ó ń darí ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni kí a tẹ̀ lé, kì í ṣe iná.

Ẹni tí kò bá dá ìbéèrè kẹta lóhùn, kí ó má tíì gbéra. Ẹ̀mí àwọn èrò tí ó gbé sẹ́yìn wà lọ́wọ́ rẹ̀.