Fáànù Ọkọ̀ Tí Kì í Sinmi

ÌBÉÈRÈ: Toyota Corolla tókùnbọ̀ ti ọdún 1996 ni mo ń wà. Bí mo bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ báyìí, fáànù rédíétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí yí, kò sì ní dúró títí n ó fi pa ọkọ̀. Mẹkáníìkì mi fẹ́ gé wáyà rẹ̀, kí ó fi súwíìṣì sí iwájú mi kí n máa tàn án fúnra mi. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: A kí yín fún sùúrù tí ẹ fi béèrè kí ọ̀bẹ tó kan wáyà, nítorí orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àti pé fáànù tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́ yìí lè má mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀ràn náà rárá.

Ọgbọ́n àgbà ni àwọn ará Japan fi ṣe irú ọkọ̀ yín: yíyí ni wọ́n dá mọ́ fáànù náà, ìsinmi ni ó ń gba àṣẹ. Súwíìṣì kékeré kan tí ó ń tọ́ omi ẹ́ńjìnnì wò ni ó ń pa àṣẹ ọ̀hún. Nígbà tí omi kò bá tíì gbóná tó 83 lórí òṣùwọ̀n Celsius, a máa so iná pọ̀, iná yẹn a sì fa rílé tí ó ń darí iná fáànù, kí ó má baà fún un ní agbára, ṣùgbọ́n bí omi bá gbóná kọjá nǹkan bí 93, súwíìṣì a já iná náà, rílé a tú, fáànù a gbéra. Ohun tí wọ́n rò ni pé bí wáyà bá já lójú ọ̀nà, tàbí bí eku bá jẹ ẹ́, ó sàn kí ẹ́ńjìnnì tutù jù ju kí ó sè lọ. Àṣẹ "sinmi" ni kò dé etí fáànù yín. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu súwíìṣì, ti wáyà àti ti rílé.

Ní òwúrọ̀ kùtù, kí ẹ́ńjìnnì tó mọ iná, ẹ pa éèsì, nítorí bí òun bá ń ṣiṣẹ́ fáànù ní ẹ̀tọ́ láti yí, kí ẹ sì ṣí kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì ọkọ̀. Bí fáànù bá yí lórí ẹ́ńjìnnì tútù bẹ́ẹ̀, ẹ pa á, ẹ wá súwíìṣì náà lọ lára ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wo ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dáadáa, nítorí níbẹ̀ ni ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti sábà máa ń bo irin, tàbí kí ẹnìkan ti yọ ọ́ tí kò dá a padà. Bí ó bá mọ́ tónítóní, kí rẹwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Bí wáyà rẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan, kí ó so ó mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, bí ó bá sì jẹ́ méjì, kí ó so méjèèjì pọ̀. Bí fáànù bá dúró nígbà tí ẹ tún ṣí kọ́kọ́rọ́, súwíìṣì ni ó kú, ẹ ra òmíràn. Bí kò bá dúró, ọ̀ràn kù sọ́rùn wáyà tàbí rílé.

Ẹ yọ rílé fáànù pátápátá. Bí fáànù bá ṣì ń yí, a jẹ́ pé ẹnìkan ti ṣe dáírẹ́ẹ̀tì fún un kí ọkọ̀ tó dé ọwọ́ yín, àṣà tí àwọn ọmọ Ògún wa, ọmọ Lákáayé Ọ̀ṣìn Imọlẹ̀, kò kà sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí fáànù bá dúró, ó kù kí wọ́n dán rílé àti wáyà wò, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má yá rílé hóònù láti fi dán an wò: ti hóònù a máa so iná pọ̀ bí wọ́n bá fà á, ti fáànù yìí a máa já a.

Ní ti súwíìṣì iwájú awakọ̀, mo kọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ nínú gosiló ni tọ́ọ̀pù gáásíkẹ́ẹ̀tì yóò jó, owó rẹ̀ yóò sì ju ti súwíìṣì omi lọ fíìfíì.

Ẹ kì mẹkáníìkì tàbí rẹwáyà nílọ̀ pé kí ó pa kọ́kọ́rọ́ kí ó tó fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Bí ọkọ̀ bá wà ní títàn, bí ó bá ti yọ ọ́ báyìí ni abẹ́ fáànù yóò gbéra, ìka kò sì gbọdọ̀ wà nítòsí rẹ̀.