Ẹja Òkun Nínú Táńkì Gíláàsì: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ti Ń Sin Ẹja Àrọ̀

Ẹni tó mọ ẹja àrọ̀ í sìn dáadáa ni a kọ ìwé ìmọ̀ràn yìí fún, nítorí pé ohun tó mọ̀ nípa ẹja àrọ̀ gan-an ló lè pa ẹja òkun mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí omi bá dọ̀tí, ẹja àrọ̀ a yọrí sókè, a gba afẹ́fẹ́ sẹ́nu, a tún padà sísàlẹ̀. Ó ń fara da kí wọ́n fún pọ̀, ó ń fara da omi tó ṣú. Bí iná bá lọ lóru, ẹ ṣì lè bá a láàyè láàárọ̀. Ẹja tí wọ́n bí sí ìdí òkìtì iyùn kò mọ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Omi ibẹ̀ mọ́ gaara, iyọ̀ inú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ooru rẹ̀ kì í sì í ṣàdédé lọ sókè. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe táńkì kékeré sílé, tàbí tó fẹ́ máa bá àwọn òtẹ́ẹ̀lì tọ́jú tiwọn, yóò kọ́ láti kó ẹja díẹ̀ sí i, kó sì kó wọn sí i díẹ̀díẹ̀.

Omi àti iná

Etíkun wa kò ní òkìtì iyùn bíi ti Indonéṣíà àti Philippines. Ọ̀sà Èkó pàápàá, bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, iyọ̀ inú rẹ̀ a dín kù gan-an, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ìdọ̀tí ìlú tó ń ṣàn wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sétí òkun. Iyọ̀ ọbẹ̀ náà kò ṣeé lò, torí kò ní kálísíọ́ọ̀mù àti magnesium tó tó fún iyùn. Iyọ̀ tí wọ́n dìídì pò fún táńkì iyùn ni kí ẹ rà, kí ẹ sì pò ó mọ́ omi tí ẹ̀rọ reverse osmosis ti sẹ́. Omi ẹ̀rọ àti omi borehole kò mọ́ tó fún iṣẹ́ yìí. Omi inú ọ̀rá náà kò ṣeé gbára lé, torí ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ kan ń gbà sẹ́ tirẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti èkejì.

Nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ ló ń lọ sínú lítà omi kan. Ẹ̀rọ ìwọ̀n iyọ̀ yóò kà á sí 1.025. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni ká ti pò ó ní ọjọ́ kan ṣáájú, kì í ṣe nínú táńkì tí ẹja wà. Bí omi táńkì bá sì fà, omi tí kò níyọ̀ ni kí ẹ fi kún un. Omi nìkan ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Ẹni tó bá ń fi omi oníyọ̀ kún un lójoojúmọ́ ń sọ táńkì rẹ̀ di kòtò iyọ̀.

Táńkì lítà 100 dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó kéré gan-an dín owó kù lójú, ṣùgbọ́n àṣìṣe kékeré ni yóò ba omi rẹ̀ jẹ́.

Ooru tó yẹ wà láàárín dígírì 24 sí 27. Yàrá tí oòrùn ń pa nínú oṣù Kẹta á kọjá 30 láìsí wàhálà, iyùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Fáànù kékeré tí ẹ kọjú sí omi lè dín ooru náà kù ní dígírì bíi méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi á túbọ̀ máa fà. Bí ìyẹn kò bá tó, inú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni kí ẹ gbé táńkì sí. Ní tèmi, ohun àkọ́rà ni pọ́ńpù afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì, irú èyí tó ń tan fúnra rẹ̀ nígbà tí NEPA bá múná lọ. Ẹja wọ̀nyí kò lè yọrí sókè láti mí bíi ti ẹja àrọ̀. Wákàtí mélòó kan láìsí ìrúpọ̀ omi ti tó láti pa wọ́n.

Ìdí tí a fi ń dúró

Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ àjẹkù ń di amóníà, amóníà sì ń pa ẹja. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń sọ ọ́ di nitrite, àwọn mìíràn a sì sọ nitrite di nitrate tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Ara òkúta òkun tó ní ihò wẹ́wẹ́ àti inú iyanrìn ni wọ́n ń gbé, wọn kì í sì í pọ̀ lọ́sàn-án kan òru kan. Ẹ to òkúta àti iyanrìn sí i, ẹ da omi sí i, ẹ tan pọ́ńpù, kí ẹ wá ju edé tútù kan péré sínú rẹ̀ kó máa jẹrà. Ẹ ra ohun èlò àyẹ̀wò omi. Amóníà á ga, á wálẹ̀. Nitrite á ga, òun náà á wálẹ̀. Ọjọ́ tí méjèèjì bá wà ní òdo tí nitrate sì ti ń hàn ni ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣeé gbé. Ó sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6.

Àwọn kan yóò ní kí ẹ fi damsel, ẹja olówó pọ́ọ́kú, dán omi náà wò. Ẹ má gbọ́ tiwọn. Ìkà ni, kò sì bọ́gbọ́n mu: bí damsel náà bá yè é, á sọ ara rẹ̀ di onílé, á sì máa lé gbogbo ẹja tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ kiri.

Àwọn tó kọ́kọ́ ń wọlé

Nígbà tí ohun pupa rẹ́súrẹ́sú kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í bo gíláàsì, ìgbín òkun ló kàn, mẹ́rin tàbí márùn-ún kéékèèké. Akàn tó ń gbé inú ìkarahun ẹlòmíràn wuni lójú, ṣùgbọ́n ó lè pa ìgbín nítorí àtigba ìkarahun rẹ̀. N kì í gba ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn láti rà á.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi méjì, clownfish lè wọlé, ẹja aláwọ̀ ọsàn onílà funfun mẹ́ta tí àwọn ọmọdé mọ̀ nínú fíìmù Finding Nemo. Ẹja àrọ̀ ni a máa ń ṣà ní ìwọ̀n-ìwọ̀n kí ńlá má baà gbé kékeré mì. Ti clownfish yàtọ̀. Akọ ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ ayé wọn; èyí tó bá tóbi jù tó sì jẹ gàba lórí ìyókù ni yóò di abo. Nítorí náà, ẹ ra méjì tí ìwọ̀n wọn kò dọ́gba, kí ẹ sì kó wọn wọlé lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n lè jà díẹ̀ kí wọ́n tó di tọkọtaya. Bí abo bá kú lọ́jọ́ iwájú, akọ tó kù ni yóò di abo. Ọkọ kékeré ni kí ẹ wá fún un. Wọn kò nílò anemone, ẹ̀dá òkun tí wọ́n máa ń fi ṣe ilé nínú òkun, kí wọ́n tó lè gbé inú táńkì, anemone fúnra rẹ̀ kò sì lè ṣe dáadáa nínú táńkì tí kò tíì pé ọdún kan.

Clownfish tí wọ́n sìn ní ọgbà ẹja ni kí ẹ béèrè fún. Ó ti mọ oúnjẹ ọwọ́ ènìyàn í jẹ. Ní Philippines àti Indonéṣíà, àwọn apẹja kan máa ń fín cyanide sí ihò iyùn kí ẹja lè dákú; ẹja tí wọ́n fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mú lè dé ilé yín láàyè, kó kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láìsí àmì àìsàn kankan.

Ẹ dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ tún omi yẹ̀ wò, kí goby kan tó wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ lè mú firefish kan, àmọ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo táńkì torí ó ń fò. Ẹja mẹ́rin nínú lítà 100 nìyẹn, ó sì tó. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ẹja sínú taapólì kan á rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kó rín in.

Blue tang rẹwà, ṣùgbọ́n ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Mandarin fish náà rẹwà. Kòkòrò wẹ́wẹ́ abẹ̀mí tó ń rìn lára òkúta ló ń jẹ, ebi á sì pa á kú nínú táńkì tuntun. Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀ lórí igbá ẹni tó ń tà wọ́n.

Bí a ṣe ń gbà wọ́n wọlé

Gbogbo ẹja tuntun ní láti gbé táńkì ìyàsọ́tọ̀ fún ó kéré tán oṣù kan, kí ẹ lè wò ó bóyá kóro-kóro funfun yóò yọ sí i lára. Oògùn tó ní bàbà ń wo àrùn yẹn sàn, àmọ́ ó ń pa ìgbín, edé àti iyùn, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ dé inú táńkì ńlá láé. Ẹ gbé ọ̀rá ẹja lé orí omi fún ìṣẹ́jú 15 bí ẹ ti máa ń ṣe fún ọmọ ẹja àrọ̀, kí ẹ wá máa kán omi táńkì sí i díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi 45. Ẹja nìkan ni kí ẹ kó sínú táńkì. Omi inú ọ̀rá, ẹ dà á nù.

Ní ti oúnjẹ, ẹni tó ti ń pa ẹyin ẹja àrọ̀ mọ Artemia dáadáa. Òun náà ni, tàbí mysis, ẹ̀dá kékeré tó jọ edé, inú yìnyín, ìwọ̀nba tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Ẹ má fún wọn ní oúnjẹ ẹja àrọ̀. Ọ̀rá inú rẹ̀ pọ̀ jù.

Iyùn abẹ̀mí

Ẹ jẹ́ kí táńkì pé oṣù mẹ́ta kí iyùn àkọ́kọ́ tó wọlé, kó sì jẹ́ irú èyí tó rọ̀, tí kò kọ́ egungun líle. Àwọn iyùn líle wà lábẹ́ òfin CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń ṣọ́ òwò ẹ̀dá inú igbó àti òkun, nítorí náà ẹ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó kó wọn wọ̀lú. Zoanthid, ọ̀kan lára àwọn tí kò kọ́ egungun líle, rọrùn í tọ́jú, àmọ́ àwọn kan nínú wọn ní palytoxin, májèlé tó burú púpọ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú yín, ẹ má sì se òkúta tí ó lẹ̀ mọ́ nínú omi gbígbóná láé. Oru rẹ̀ ti dá àwọn èèyàn inú ilé dùbúlẹ̀ rí.

Ẹ máa pààrọ̀ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún omi náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹja kan bá kú, ẹ yọ òkú rẹ̀ kíá, ẹ yẹ amóníà, ìwọ̀n iyọ̀ àti ooru wò lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ má ra òmíràn dípò rẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yóò fi kọjá tí ara ìyókù sì dá ṣáṣá.