Ta Ló Ti Fáìlì Ẹgbẹ́ Wa Pa?

ÌBÉÈRÈ: Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Òṣogbo. Ọmọkùnrin kan tó ti lọ sí òkè òkun báyìí ló fi PHP ṣe ètò tí a fi ń kọ owó tí ọmọ ẹgbẹ́ dá àti èyí tí wọ́n yá sílẹ̀. Látìgbà tí a ti kó o lọ sórí sáfà tuntun, “file is encrypted or is not a database” nìkan ló ń sọ. Ìgbìmọ̀ ti ń fura pé ọmọ yẹn fi páásìwọọ̀dù tì í pa kó tó lọ. Ẹnì kan ní kí n fún fáìlì náà ní àṣẹ 777. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, kò sóhun tó yí padà. Kí la fẹ́ ṣe?

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé, ẹ kú làálàá ẹgbẹ́. Ẹ bá mi bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n rọra fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ ná. Bí SQLite, ètò dátábéèsì tó ń ka fáìlì yín, bá ṣí fáìlì tí kò rí ohun tó ń retí níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò mọ̀ bóyá wọ́n tì í ni tàbí kì í ṣe dátábéèsì rárá, ló ṣe da méjèèjì pọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ni ín ti yọ “encrypted” kúrò nínú ọ̀rọ̀ yẹn báyìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí ó ti dá ìjà sílẹ̀ tó.

Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà síbòmíràn, kí ẹ má fọwọ́ kan ojúlówó. Lórí ẹ̀dà yẹn, ẹ tẹ “head -c 47 egbe.db”. Bó bá jẹ́ “** This file contains an SQLite 2.1 database **” lẹ rí, kò sẹ́ni tó ti nǹkan kan. Fáìlì náà ti pẹ́ láyé ni. Bó bá jẹ́ “SQLite format 3” lẹ rí, ẹ kọ̀wé sí mi padà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ọdún 2004 ni PHP 5 jáde, SQLite 2 ló sì gbé dání. Lọ́dún yẹn kan náà ni D. Richard Hipp, ẹni tó dá SQLite sílẹ̀, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé SQLite 3 jáde, tí wọ́n yí ìṣètò inú fáìlì padà, débi pé ìkẹta kò lè ka ti ìkejì. PHP 5.4 tó jáde lọ́dún 2012 wá yọ SQLite 2 kúrò. Ó jọ pé sáfà yín àtijọ́ ṣì ní in, tí tuntun kò ní. Ní ti SQLite 3, àwọn tó ni ín kò tún yí ìṣètò fáìlì rẹ̀ padà débi tí ti àtijọ́ kò fi ní ṣeé kà mọ́, wọ́n sì ti ṣèlérí pé àwọn yóò máa tọ́jú rẹ̀ títí di ọdún 2050.

Ẹ wá kọ̀ǹpútà tó ní ètò “sqlite” àtijọ́ àti “sqlite3” pọ̀, kí ẹ tẹ “sqlite egbe.db .dump > egbe.sql”. Ẹ má tíì kó o wọnú tuntun o! Ẹ ṣí egbe.sql, kí ẹ wo nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ lásán ni SQLite 2 fi gbogbo nǹkan pa mọ́ sí, nítorí náà 080 dúró bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà náà kò bá sí láàárín àmì ' ', SQLite 3 yóò kà á sí iye, òdo iwájú yóò sì já dànù. Bí wọ́n bá pe òpó yẹn ní INTEGER nínú CREATE TABLE, òdo yóò já bí àmì tiẹ̀ wà. Ẹ sọ ọ́ di TEXT, ẹ fi àmì sí i, kí ẹ tó tẹ “sqlite3 tuntun.db < egbe.sql”. Nọ́ńbà ìwé ìdáwó tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo náà ń kọ́? Ìtọ́jú kan náà ni. Lẹ́yìn náà, bí “sqlite_open” àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ṣì wà nínú ètò náà, ẹ ní kí ẹni tó mọ PHP yí wọn sí kíláàsì SQLite3 ti PHP.

Ẹ gba 777 yẹn padà lónìí. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ní àyè lórí kọ̀ǹpútà yẹn lè yí gbèsè ọmọ ẹgbẹ́ padà. SQLite fúnra rẹ̀ kò ní orúkọ oníṣe tàbí GRANT bíi ti MySQL: ẹni tó bá lè ka fáìlì ti ka gbogbo rẹ̀. Àṣẹ orí fáìlì àti ibi tí ẹ gbé e sí nìkan ni ìlẹ̀kùn yín. Ẹ gbé e jáde kúrò nínú public_html, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó bá mọ orúkọ rẹ̀ ti lè fi aṣàwárí wà á sórí fóònù.

Tí ètò yín bá wá ń kígbe “attempt to write a readonly database” nígbà tí fáìlì ṣeé kọ, fódà ló kù. Bí SQLite bá ń kọ nǹkan, ó máa ń dá fáìlì kejì tí orúkọ rẹ̀ parí sí “-journal” sílẹ̀ nínú fódà kan náà, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ lè kọ sínú fódà ọ̀hún. Bí PHP bá ń ṣiṣẹ́ lórúkọ yín lórí sáfà, 700 fún fódà àti 600 fún fáìlì ti tó. Bó bá jẹ́ orúkọ www-data ló fi ń ṣiṣẹ́, ẹ sọ www-data di ẹni tó ni fódà àti fáìlì náà.

Ojú ìwé tó ń fi owó tí kálukú ní han ọmọ ẹgbẹ́ kò nílò àṣẹ àtikọ rárá. Ẹ ní kí ẹni tó mọ PHP yẹn fi SQLITE3_OPEN_READONLY ṣí fáìlì náà níbẹ̀. Bí “open_basedir restriction in effect” bá sì yọjú lẹ́yìn tí ẹ gbé fáìlì kúrò, ẹ ní kí àwọn tó ni sáfà fi fódà tuntun náà kún èyí tí wọ́n gba PHP láyè láti wọ̀.