Fíìmù Kì Í Ṣe Àdàkọ Ìwé

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ máa ń bínú pé fíìmù ba ìwé jẹ́, ẹ fara balẹ̀. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ó Le Kú ní 1974. Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997. Ìwé lè rò fún wa ohun tó ń dààmú Àjàní, olú ẹ̀dá ìtàn náà, lọ́kàn. Kámẹ́rà kò rí inú, ojú òṣèré nìkan ló rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìró péńpé tó mọ sí orúnkún, pẹ̀lú bùbá rẹ̀, tí àwọn ọmọbìnrin inú fíìmù náà wọ̀: àṣà àtijọ́ ni, fíìmù yìí ló jí i dìde, tí àwọn télọ̀ tún ń rán an, tí a sì ń pè é ní olekú títí dòní.

Ẹ lè ní ẹni tó bá ti wo fíìmù kò ní ka ìwé mọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀, ó sì ń dùn mí, torí adùn èdè Ìṣọ̀lá kò lè wọ inú fíìmù tán. Ẹ kà á, kí ẹ tó dá Kèlání lẹ́jọ́. Ẹ tún wo Ẹlẹ́ṣin Ọba tí Bíyì Bándélé ṣe, tó jáde ní 2022: Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣóyínká fi kọ eré tí wọ́n sọ di fíìmù náà, fíìmù ló dá ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ padà sẹ́nu àwọn ará Ọ̀yọ́ inú ìtàn náà.