Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, ẹ má fojú kékeré wo iná tó ń ṣẹ́jú

Ká ní télọ̀ kan ní Ìràwọ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo, ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ti lọ, kò sì rántí pa súwíìsì. Láàárín òru, iná dé. Fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì tó ti ń ṣẹ́jú láti bí ọ̀sẹ̀ méjì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lórí aṣọ àwọn oníbàárà, kò sì sẹ́ni tó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló rò pé ojú lásán ni irú iná bẹ́ẹ̀ ń dà láàmú. Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí gíláàsì gígùn yìí bá ti tàn tán, tí kò bá sí ìjánu fún un, iná tó ń fà yóò máa pọ̀ sí i títí yóò fi bàjẹ́. Ìjánu náà ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní ṣóòkù, òun ni wọ́n ń kọ “ballast” sí lára.

Wáyà tín-ín-rín wà ní ìdí méjèèjì gíláàsì náà, èròjà kan tí wọ́n fi kùn ún ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí èròjà yìí bá tán, ìdí gíláàsì á dúdú, á máa ṣẹ́jú, ooru á sì pọ̀ níbẹ̀. Ooru yìí lè fọ́ gíláàsì, ó sì lè yọ́ ike tó gbé e dúró.

Ṣóòkù onírin tó wúwo kì í mọ̀ pé gíláàsì ti kú. Sítátà á ṣáà máa gbìyànjú láti tàn án, ṣóòkù á sì máa gbóná. Ṣùgbọ́n ṣóòkù ẹlẹ́kítíróníìkì tó ní ààbò máa ń yẹ gíláàsì wò. Bó bá rí i pé ó ti ń kú lọ, yóò pa á fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní ààbò yìí o. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ “EOL” sí i lára, tàbí kí ẹ bi oníṣẹ́ iná yín. Ó ṣe pàtàkì jù fún gíláàsì T5, tí ìbú rẹ̀ kò ju mìlímítà 16 lọ, nítorí pé ibi tó ń gbóná sún mọ́ ara rẹ̀.

Kí ni kí ẹ ṣe?

Bí ìdí iná bá ti dúdú tàbí tó ń ṣẹ́jú, ẹ pa á, kí ẹ pààrọ̀ gíláàsì.

Bí ṣóòkù tó ní ààbò bá paná, ẹ má tètè sọ pé ó ti bàjẹ́. Ẹ pa súwíìsì, ẹ fi gíláàsì tuntun sí i, kí ẹ tó tún tàn án.

Ẹ má fọ́ gíláàsì tó ti kú, májèlé mákúrì wà nínú rẹ̀.

Ẹ pa súwíìsì kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù, kódà bí kò bá síná.

Lọ́dún 2023, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Minamata, tí Nàìjíríà wà lára wọn, fẹnu kò pé títí ọdún 2027 ni àwọn yóò fòpin sí ṣíṣe fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì àti kíkó o wọlé. Nítorí náà, bí ṣóòkù yín bá kú pátápátá, ó dára kí ẹ ronú nípa iná LED, kí oníṣẹ́ iná sì bá yín tún wáyà rẹ̀ ṣe.

Owó gíláàsì kan kò tó owó aṣọ oníbàárà kan.